Ta Ló Máa Wà Nídìí Gáùn?

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan nìyí: fèrèsé kan, maṣíìnì méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gbé aṣọ dání. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá tó ni ín, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè sọ fún un tí kò ní fi "mo ti mọ̀" dáhùn, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ yìí, gáùn Ohùn Àrà ló ń rán. Ohùn Àrà ni olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nílùú, ó sì ti tó ọdún kan báyìí tó ti ń bẹ aráyé pé kí oníkálukú gba ọmọnìkejì rẹ̀ mọ́ra, ohun tó ń pè ní ìfaradà. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìrépé aṣọ wá, kí télọ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di gáùn kan ṣoṣo, òun á sì wọ̀ ọ́ kọrin ní gbọ̀ngán ìlú. Aago mẹ́rin ni mọ́tò ń bọ̀ wá gbé gáùn. Aago mẹ́ta ti lù.

Ìyá Alágbàfọ̀ dúró nídìí tábìlì, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ojú rírán. Ìrépé funfun kan wà nínú báàgì rẹ̀, ti àwọn obìnrin mẹ́jọ tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń fọṣọ nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti rán an níṣẹ́ pé kó rí i pé ó wọ inú gáùn náà. Láti àárọ̀ ló ti ń wá bí yóò ṣe mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n ẹnu Mo-ti-mọ̀ kò sinmi.

"Ohun tí Ohùn Àrà ń sọ yìí ò le rárá," Mo-ti-mọ̀ ní, ó ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì. "Ó ní ká gba ara wa mọ́ra. Ẹni tó ga, ẹni tó kúrú, ẹni tó ń gbàdúrà síbí, ẹni tó ń gbàdúrà sọ́hùn-ún. Èmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó di olórin."

"Ọ̀gá, ìyẹn ni pé ẹ ti gba télọ̀ ìkòríta mọ́ra?"

"Ta nìyẹn?"

"Èyí tí ẹ ní ó ń fi ẹsẹ̀ gé aṣọ."

"Ìyá Alágbàfọ̀, èèyàn ni Ohùn Àrà ní ká gbà mọ́ra."

Obìnrin náà mi orí, ó fẹ́ iná sí èédú. Ó rò pé bí òun ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ọjọ́ á lọ. "Ìrépé mélòó ló ti wà lára gáùn báyìí?"

"Méjìlá. Ẹgbẹ́ méjìlá tí mo kọ orúkọ wọn ránṣẹ́, gbogbo wọn ló ti wọlé."

"Ti àwa alágbàfọ̀ ńkọ́?"

Mo-ti-mọ̀ kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Níbo?"

"Ta ló fọ gbogbo aṣọ náà kó tó dé ọwọ́ mi? Ọwọ́ yín ti kan gbogbo rẹ̀. Ká sòótọ́, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ojú ò rí wa."

"Ṣé ojú ń rí ẹ̀mí ni? Ṣé a wá ní kò sí ẹ̀mí?"

Ìyá Alágbàfọ̀ ronú sí i díẹ̀. "Ẹ̀mí ò fọ ṣọ́kìsì ẹnikẹ́ni rí, Ọ̀gá."

"Àyè ti kún. Ìfaradà náà nìyẹn: ẹni tí kò bá ráyè, kó fara dà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni Ohùn Àrà wí?"

"Kò tíì wí i. Mo ti mọ̀ pé á wí i."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Alágbàfọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá ọkùnrin yìí fọṣọ, tó ń bá a lọṣọ, tó ń bá a yọ àbààwọ́n tí oníbàárà ò gbọ́dọ̀ rí. Nígbà tí ọkùnrin náà ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó rántí àwọn alápatà, kò rántí àwọn alágbàfọ̀. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó fa gáùn náà mọ́ra, ó tẹ́ ẹ, ó yí i padà láti lọ ẹ̀yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù sì dúró lókè.

Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn gáùn náà, ní déédéé ibi tí èèyàn fi ń jókòó.

"Ọ̀gá, ṣé ibí ni afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé?"

Mo-ti-mọ̀ dá maṣíìnì dúró. Ó nu ojú. "Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ìdí."

"Báwo?"

Ọkùnrin náà fa ìwé wẹ́wẹ́ kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi pín-ìnnì kọ́ mọ́ aṣọ tiwọn. Ó wọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ti àwọn onílé. 'A nífẹ̀ẹ́ gbogbo èèyàn, títí kan àwọn ayálégbé wa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wá sí ìdí. A kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń jókòó lé.'"

"Ẹ fi àwọn ayálégbé síbẹ̀."

"'Àwa ayálégbé fẹ́ràn àwọn onílé wa tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àwọn sókè, tí ẹ fi àwa sísàlẹ̀, kí la wá jáde nílé ṣe?'"

"Òótọ́ ni. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fi àwọn méjèèjì sí ikùn, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́."

"Ta ló wà níbi ìdodo?"

"Ayálégbé."

"Onílé ti mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀. Ìjọ òkè títì àti ìjọ ìsàlẹ̀ títì náà kọ̀wé. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ èjìká ọ̀tún. Mo sì fún àwọn méjèèjì."

"Èjìká ọ̀tún mélòó ni Ohùn Àrà ní?"

"Ọgbọ́n ni. Èyí àkọ́kọ́ wà ní ọ̀tún tirẹ̀. Èkejì wà ní ọ̀tún tiwọn, bí wọ́n bá jókòó síwájú tí wọ́n ń wò ó. Mo ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má lọ jókòó sẹ́yìn."

"Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń ju ìgò lura wọn?"

"Apá. Ọ̀kan lápá yìí, ọ̀kan lápá yẹn. Mo ti jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra."

"Bó bá wá pàtẹ́wọ́ ńkọ́?"

Mo-ti-mọ̀ wo apá ọ̀tún gáùn. Ó wo apá òsì. Ó tún wo apá ọ̀tún.

"Kò ní pàtẹ́wọ́," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Olórin?"

"Mo máa kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Aṣọ ìfaradà nìyí, ẹ má pàtẹ́wọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù jókòó lórí irin. "Ẹ jẹ́ á fi àwọn àgbàlagbà síbi ìdí. Àgbàlagbà kì í bínú."

"Àwọn àgbàlagbà ní kí n má fi àwọn sí orúnkún, ó ti ń dun àwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n má fi àwọn sí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ń dun àwọn. Nígbà tó dé orí ìdí, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ mẹ́nu kàn án."

"Àwọn awakọ̀?"

"'Àtàárọ̀ la ti ń jókòó. Ẹ má tún jẹ́ ká lọ sábẹ́ ìdí ẹlòmíràn.' Mo fi wọ́n sí etí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n máa gbá títì."

"Alápatà?"

"Ìbàdí òsì. Àwọn tí kì í jẹ ẹran wà ní ìbàdí ọ̀tún. Mo wá fi àwọn afọ́jú sáàárín wọn. Àwọn afọ́jú nìkan ni ò yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní ibi tó bá wù mí ni kí n rán àwọn mọ́, kó sáà ti máa dán lọ́wọ́."

"Á à, àwọn ló gbà. Ẹ yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi wọ́n dí ihò."

"Bí mo bá yọ wọ́n, alápatà á fara kan àwọn tí kì í jẹ ẹran. Ẹ fẹ́ kí wọ́n jà lára obìnrin?"

"Ẹ wá aṣọ lásán fi dí i. Aṣọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

"Aṣọ lásán ti tán nílùú yìí. Pupa, ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Búlúù, ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kejì. Aláwọ̀ ewé, àwọn tí kì í jẹ ẹran á ní mo fi ẹ̀fọ́ àwọn jókòó. Dúdú, onílé. Aláwọ̀ ilẹ̀, ayálégbé. Bí mo bá fa okùn kan jáde báyìí, ẹni kan á dìde pé òun ló ni ín."

Ó sọ ọ́ tàánútàánú, ó sì jẹ́ òótọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ tẹjú mọ́ àyà gáùn náà, níbi tí aṣọ olówùú wúrà kan ti ń dán yinrin.

"Ti ta lèyí?"

"Ti àwa télọ̀ ni. Déédéé ọkàn. Ọkàn ni ìfaradà ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Kọ́là yìí náà ńkọ́? Àwọ̀ kan náà ni."

"Ìyẹn kúkú kéré."

"Àti ọrùn ọwọ́ méjèèjì?"

"Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi ṣe é. Kí á sọ aṣọ nù ni?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù níbẹ̀."

Mo-ti-mọ̀ wú ikọ́.

"Ẹ tú kọ́là, kí ẹ fi dí ihò," Ìyá Alágbàfọ̀ ní.

"Kí télọ̀ lọ sí ìdí? Kí Ohùn Àrà jókòó lé gbogbo ẹgbẹ́ wa lórí lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ ò ṣe fara dà á?"

"Ìfaradà ní ibi tó mọ, Ìyá Alágbàfọ̀. Kì í sọ̀kalẹ̀ kọjá ìbàdí."

Aago ògiri kọjá ààbọ̀. Mo-ti-mọ̀ di orí mú. Ó ti sọ fún gbogbo òpópónà pé òun lòun ń rán aṣọ náà, wọ́n sì máa pe orúkọ òun ní gbọ̀ngán. Bí mọ́tò bá dé bá ihò, ọ̀dọ̀ télọ̀ ìkòríta ni gáùn ń lọ tààrà, òun á sì di ẹni tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ wo aago, ó wo ihò. Ó yáa ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìrépé funfun náà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn ti gé e lára aṣọ tó pẹ́ lọ́wọ́ wọn jù, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ títí tó fi rọ̀ bí etí ọmọdé.

"Ẹ lo tiwa."

Mo-ti-mọ̀ wò ó lókè awò ojú. "Ṣé ẹ mọ ibi tó ń lọ?"

"Ìdí."

"Àwọn tó rán yín ò ní bínú?"

"Ọ̀gá, nínú gbogbo aṣọ tí à ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ibo lẹ rò pé ó máa ń gba ọṣẹ jù? Ìdí ò ṣàjèjì sí wa."

Àánú rẹ̀ ṣe Mo-ti-mọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ ṣeun. Ìfaradà gan-an nìyí. Ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá débẹ̀, mo máa sọ fún Ohùn Àrà pé ẹnì kan wà nílùú tó gbà láti jẹ́ ìdí."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ti ń rán an kó tó gbọ́. Maṣíìnì ké, ó ké, ó dákẹ́. Ìyá Alágbàfọ̀ gba gáùn náà, ó rọra lọ funfun náà láti igun dé igun. Ó wọlé, ó dúró, ó dọ́gba. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí aṣọ. Ìdí ni, òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn wà níbẹ̀.

"Ó ku ká dán an wò," Mo-ti-mọ̀ ní. "Ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè jókòó kó má ya."

Àwọn méjèèjì wo ère ike tó máa ń wọ aṣọ fún télọ̀ náà ní igun yàrá.

"Èyí ò lè jókòó," Ìyá Alágbàfọ̀ ní. "Kò ní orúnkún."

"Mo ti mọ̀. Èmi náà ni mo máa wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Téèpù kan náà ló wọn èmi àti Ohùn Àrà. Mẹ́rìndínláàádọ́ta níbí, mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ́hùn-ún. Ẹlẹ́dàá ló mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó wọ inú gáùn náà lé ṣòkòtò rẹ̀ lórí. Ìyá Alágbàfọ̀ bọ́ sẹ́yìn, ó fa síìpù láti ìbàdí lọ dé ọrùn, ó wá fi ìwọ̀ kékeré tó wà lókè há a. Mo-ti-mọ̀ nàró, kọ́là wúrà gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, àwọn awakọ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó lórí àga. Ó dìde. Ó tún jókòó. Kò sí ohun tó ya.

"Ẹ rìn díẹ̀."

Ó rìn.

"Ẹ jó."

Ó kọ́kọ́ ní òun ò jó. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, kò ṣe é dá dúró. Ó jó lọ síbi fèrèsé, ó jó padà, ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjèèjì sì kọ lura wọn gbàmù. Bó ti kọ ẹ̀yìn tó ń mi ìdí, funfun náà ń tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, Ìyá Alágbàfọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bí Ohùn Àrà ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Láti orí orin kẹta."

"Orin kẹta kí ni?"

"Tó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo fọ kọ́tínì gbọ̀ngán. Mo ṣì ń so ó kọ́ lẹ́yìn pèpéle ni orin bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè jáde mọ́. Orin méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Láti orí orin kẹta, ojú rẹ̀ ni mo ń rí títí tó fi parí. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó. Mo rò pé èmi ló ń kọrin fún."

Mo-ti-mọ̀ dúró gbagidi. "Bó bá kọjú sí ẹ̀yin, ta ló wá kọ ìdí sí?"

"Gbogbo ìlú."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń hó yèè. Tẹlifíṣọ̀n kan sì wà lókè tó tó ògiri yìí, wọn ò fi nǹkan mìíràn hàn níbẹ̀. Ràbàtà báyìí, títí ilẹ̀ fi mọ́… rárá, títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Ìdí nìkan ṣá."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rí ojú ọkùnrin náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a.

"Ìyá Alágbàfọ̀," Mo-ti-mọ̀ ní, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọ̀gá, mo rò pé ẹ ti mọ̀."

Mo-ti-mọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"N kò mọ̀," ọkùnrin náà ní. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eegun ẹja. Ó já sìsọ́ọ̀sì gbà lórí tábìlì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti tú funfun náà. Ọwọ́ kò tó o. Ó yí, gáùn náà yí tẹ̀lé e. Ó tún yí, bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. "Ẹ bá mi fa síìpù yìí. Àṣìṣe kékeré kan ti wọlé. Ibẹ̀ ò yẹ àwọn obìnrin yín, ẹ̀gàn ni. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ bá yín rù ú."

"Ẹ̀gàn ò tíì rẹ̀ wá, Ọ̀gá."

"Mo máa fi yín sí àyà. Déédéé ọkàn. Aṣọ wúrà yìí ni mo máa yọ fún yín."

Ìyá Alágbàfọ̀ rò ó wò. "Ọkàn dáa. Àmọ́ kì í hàn nínú tẹlifíṣọ̀n."

"Mo máa fi kọ́là kún un."

"Rárá."

Ọkùnrin náà di etí gáùn mú, ó fẹ́ bọ́ ọ gba orí. Ojú rírán kan dún kẹ́rẹ́ ní ìbàdí òsì, ó sì yára dúró, nítorí àwọn alápatà ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí í fi aṣọ alápatà ṣeré. Fèrè mọ́tò dún níta. Ìyá Alágbàfọ̀ lọ wo fèrèsé, ó padà wá, ó gba sìsọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó fi í sínú báàgì.

"Wọ́n ti dé, Ọ̀gá. Dírẹ́bà ti sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ fa síìpù."

"Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní tú tiwa. Kíákíá ni màá fà á."

"Èmi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kí alágbàfọ̀ máa gba ìlérí lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ kúkú ṣe sùúrù, màá sọ fún dírẹ́bà pé ẹ ń bọ̀."

"Bí n kò bá ṣèlérí ńkọ́?"

Ilẹ̀kùn kàn kó-kó-kó. Ìyá Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára àwọn awakọ̀ nílẹ̀, ó tún kọ́là ṣe fún un lọ́rùn, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn.

"Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń lọ kọrin nìyẹn, Ọ̀gá. Tó bá ti di orin kẹta, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn."